Bí Tíkẹ́ẹ̀tì Oṣooṣù Ṣe Dé Inú Ọkọ̀ Ojú Irin Abẹ́ Ilẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ńlá lágbàáyé, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lè san owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ó sì máa wọ ọkọ̀ náà títí oṣù yóò fi parí láìtún yọ owó mọ́. Ètò yìí ti wà kí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó wà. Orí rélùwéè lásán ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe láǹfààní, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò tó nǹkan. Ohun tó fà á tí ó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá ní owó gọbọi kan lọ́wọ́ kò lè san àsansílẹ̀, bí ẹ̀dínwó ibẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

Rélùwéè tó so Canterbury mọ́ Whitstable ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1830. Ní ọdún 1834, àwọn tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn ará Canterbury lè fi máa lọ sí etí òkun Whitstable nígbàkigbà tó bá wù wọ́n ní gbogbo àsìkò tí oòrùn ń mú. Òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Ìgbádùn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù ṣì dúró lé lórí títí dòní: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gba owó kí ó tó ṣiṣẹ́, èrò sì rí ẹ̀dínwó gbà nítorí pé ó ti san án sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn rélùwéè mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà fi gba àṣà náà, tí àwọn oníṣòwò àti àwọn akọ̀wé tó rí já jẹ fi lè kó ilé wọn lọ sí ẹ̀yìn ìlú, kí wọ́n sì máa wọ ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ ní àràárọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní ayé, Metropolitan Railway ti Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín Paddington àti Farringdon ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní ọdún 1863, àwọn èèyàn tó ń fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ ni wọ́n pọ̀ jù nílùú náà, ojoojúmọ́ tàbí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba owó. Ní ọdún 1864, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìdájí nìkan ni wọ́n lè fi wọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1883, òfin kan jáde tó fún ìjọba lágbára láti pa á láṣẹ fún àwọn rélùwéè káàkiri ilẹ̀ náà pé kí wọ́n pèsè ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀dínwó gbà wọlé nígbà náà: ẹni tó lówó lọ́wọ́ fi àsansílẹ̀ rà á, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ fi oorun rẹ̀ rà á. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ohun yòókù nínú ìtàn yìí lọ.

Ìlú New York kò bìkítà fún ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1904 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tiwọn, sẹ́ǹtì 5 ni owó rẹ̀, iye yìí kò sì yí padà títí di ọdún 1948. Owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀dínwó kankan.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kún ojú pópó bámúbámú ni àwọn ìjọba ìlú tó jí gìrì. Ní ọdún 1971, ìlú Stockholm ní Swídìn gbé káàdì oṣooṣù kan jáde ní krónà 50, tí èèyàn lè fi wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì káàkiri gbogbo agbègbè náà. Párísì ló wá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni mo sì gbà pé tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù ti di ohun tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tó ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú Párísì a máa ra tíkẹ́ẹ̀tì kan fún ọkọ̀ ojú irin tó gbé e wọ ìlú, a tún ra òmíràn fún ti abẹ́ ilẹ̀, bí ó bá sì ku bọ́ọ̀sì, a tún ra ti bọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1975, Carte Orange pa gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Káàdì aláwọ̀ ọsàn ni, àwòrán ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì pélébé kan tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà lè kà sì máa ń bá a rìn. Oṣooṣù ni èèyàn ń ra pélébé tuntun, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sí i lára, kí ẹlòmíràn má baà lè fi wọ ọkọ̀. Ẹkùn-ẹkùn ni wọ́n pín agbègbè náà sí, iye ẹkùn tí èèyàn fẹ́ máa dé ló ń sọ iye tí yóò san. Bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jèrè rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ti sanwó oṣù tán kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì fún ìrìn tí kò ju ibùdókọ̀ mẹ́ta lọ.

Síbẹ̀, owó gọbọi tí èèyàn ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣì ni, ó sì ṣòro fún mẹ́kúnnù láti kó o jọ. Òfin kan tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 1982 ló dín ìṣòro náà kù, nítorí pé ó mú àwọn agbanisíṣẹ́ ní agbègbè Párísì láti máa dá apá kan owó náà padà fún òṣìṣẹ́ wọn, èyí tó wá di ìdajì. Láti ọdún 2009 ni èyí ti kan gbogbo ilẹ̀ Faransé.

Ti Lọ́ńdọ̀nù gba ilé ẹjọ́ kọjá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1981, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú náà lábẹ́ Ken Livingstone dín owó ọkọ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n sì bu owó orí ilé lé e kí ọkọ̀ má baà dúró. Bromley, ọ̀kan lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ìlú náà, pè wọ́n lẹ́jọ́, nígbà tí oṣù Kejìlá sì dé, àwọn adájọ́ àgbà jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ètò náà kò bófin mu. Ní oṣù Kẹta ọdún 1982, owó ọkọ̀ fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Inú ìyọnu yìí ni Travelcard ti jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1983, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tuntun tí wọ́n fara balẹ̀ tò kí ó lè bá òfin mu: káàdì kan ṣoṣo fún ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì, ní ẹkùn-ẹkùn.

New York ló gbẹ̀yìn nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Ọdún 1953 ni wọ́n ti ń fi tókìn, ẹyọ irin kékeré kan, wọlé, kò sì sí bí ẹyọ irin ṣe lè rántí pé ẹnì kan ti sanwó oṣù. Nígbà tí MetroCard, káàdì tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà lè kà, dé ní ọdún 1994 ni ọ̀nà là. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí èèyàn lè lò láìníye fún ọjọ́ 30 ní dọ́là 63. Kí àwọn ọ̀rẹ́ méjì má baà máa fi káàdì kan wọlé tẹ̀ lé ara wọn, ẹ̀rọ kò ní gba káàdì kan náà ní ibùdó kan náà títí ìṣẹ́jú 18 yóò fi kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 50 ni owó ìrìn kan nígbà náà, nítorí náà ìrìn 42 ló bá dọ́là 63 dọ́gba. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, tó ń lọ tó sì ń bọ̀, yóò rin 44, ó dà bí ẹni pé ó ti jèrè. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kìíní ọdún náà, ẹni tó bá fi dọ́là 15 sínú MetroCard lásán ń gba ìrìn 11 dípò 10. Lọ́dọ̀ onítọ̀hún, ó di ìrìn kẹtàdínláàádọ́ta kí káàdì oṣù tó mú èrè wá. Lílọ síbi iṣẹ́ nìkan kò tó. Àfi bí èèyàn bá tún fi káàdì náà lọ sọ́jà, lọ kí ẹbí, tàbí jáde lópin ọ̀sẹ̀. Ohun tó tún ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1998 kan náà, tó fàyè gba kí wọ́n máa yọ owó ọkọ̀ nínú owó oṣù kí wọ́n tó bu owó orí lé e. Láti ọdún 2016, ìlú New York sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 20 sókè láti pèsè ètò yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ti wá yí padà ni ọdún 2005, nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù fi òdiwọ̀n sí iye tí káàdì Oyster, èyí tí èèyàn ń fi owó sínú rẹ̀ láti fi wọ ọkọ̀, lè yọ lọ́wọ́ èèyàn lóòjọ́. Èrò kò ní láti dá owó jọ mọ́, kò sì ní láti mọ̀ ṣáájú iye ìgbà tí òun yóò wọ ọkọ̀. Bí owó tó san bá ti dé òdiwọ̀n, ìyókù di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2014, wọ́n nà án dé ọ̀sẹ̀ fún àwọn tó ń fi káàdì báńkì wọlé. New York náà gba irú rẹ̀ ní ọdún 2022: ẹni tó bá ti san ìrìn 12 láàárín ọjọ́ 7 kò ní sanwó mọ́ títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Ohun tí mẹ́kúnnù ń wá láti ọdún 1864 nìyí, inú mi sì dùn pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló san án. Ní òpin ọdún 2025, New York dáwọ́ títa MetroCard dúró, káàdì ọjọ́ 30 tó ti di dọ́là 132 sì bá a lọ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, dọ́là 3 ni ìrìn kan, òdiwọ̀n ọjọ́ 7 sì jẹ́ dọ́là 35. Ẹni tó ń rin 44 lóṣù yóò san dọ́là 132, iye kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, nítorí pé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, yóò máa san nǹkan bí dọ́là 150 ní ọjọ́ 30, kò sì sí káàdì oṣù kankan mọ́ tí ó lè rà láti dín in kù.