Kí ni wọ́n ń pè ní representation nínú fíìmù? Ẹ wo I soliti ignoti

Táwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ representation nínú fíìmù, orí lọ̀pọ̀ wa máa ń kà: obìnrin wà níbẹ̀, tálákà wà níbẹ̀, ará ìlú kékeré wà níbẹ̀, ó tán. Kò tán o. Bí fíìmù ṣe gbé irú èèyàn kan jáde fáráyé rí là ń sọ, torí náà ẹ tún máa wò ó pé kí ni wọ́n gbé fún ẹni yẹn ṣe, ta ló ń ṣe é, ohùn ta sì là ń gbọ́ lẹ́nu ẹ.

I soliti ignoti ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ẹ, fíìmù Ítálì tí Mario Monicelli gbé jáde ní 1958. Àwọn olè tí ò mọṣẹ́ olè ni, wọ́n fẹ́ gba inú ilé kan dá ògiri lu wọ ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù dógò ní Róòmù, ògiri tí kì í ṣe tibẹ̀ ni wọ́n lù, kíṣìnì ilé yẹn náà ni wọ́n já sí, wọ́n bá jókòó ti pasta ẹlẹ́wà tí wọ́n bá níbẹ̀.

Ẹ má retí aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn eléré ńláńlá ibẹ̀, ibi tóníkálukú ti wá níyàtọ̀ wọn wà. Lára àwọn olè yẹn, Ferribotte wá láti Sicily, erékùṣù kan ní gúúsù Ítálì, bàbá arúgbó Capannelle tébi ń pa ṣáá wá láti Bologna lápá àríwá, Nicoletta, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ gbà kọjá, wá láti apá Venice. Tiberio, olè míì, ní tiẹ̀, ìyàwó ẹ wà lẹ́wọ̀n torí sìgá fàyàwọ́, òun ló ń gbé ọmọ kiri. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ nínú fíìmù 1958, èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹ sì rántí pé òfin tí ìjọba Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì, ṣe ní 1939 pé kéèyàn má kàn ṣí wá sí ìlú ńlá bó ṣe wù ú, ó ṣì wà nílẹ̀ nígbà yẹn, 1961 ni wọ́n tó fagi lé e, àwọn tí òfin ò fẹ́ rí nílùú ni fíìmù yìí gbé síwájú gbogbo ayé.

Àmọ́ ti ohùn ńkọ́? Tiberio Murgia, òṣèré tó ṣe Ferribotte (kì í ṣe Tiberio inú ìtàn o), ọmọ Sardinia, erékùṣù Ítálì míì, ni, abọ́ ló ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan ní Róòmù kí wọ́n tó mú un, ẹlòmíì ló sì bá a sọ̀rọ̀ ará Sicily yẹn, wọ́n kàn lẹ ohùn mọ́ àwòrán ni. Carlo Pisacane tó ṣe Capannelle, ọmọ Naples ni. Claudia Cardinale tó ṣe Carmelina, àbúrò Ferribotte, Tùnísíà ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ìdílé ará Sicily ló ti jáde, ó gbọ́ èdè Sicily dáadáa, síbẹ̀ ohùn tiẹ̀ kọ́ là ń gbọ́. Ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an ni ò fẹnu ara ẹ sọ̀rọ̀! Lóòótọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù ní Ítálì nígbà yẹn nìyẹn, mi ò ní torí ẹ̀ bú wọn, àmọ́ ó dùn mí, torí pé Ferribotte tó ń jowú, tó ń ti àbúrò ẹ̀ mọ́lé, irú ará Sicily yẹn ni Murgia ń ṣe ká fíìmù lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn sì ń rò pé báwọn ará ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ẹ tún wo àwọn tó kọ ìtàn náà. Mẹ́rin ni wọ́n, Monicelli fúnra ẹ̀, Age, Scarpelli, àti obìnrin kan ṣoṣo, Suso Cecchi d'Amico. Ẹni tó wà nídìí kíkọ náà wà lára representation, bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹ̀ lọ̀pọ̀ tó wo fíìmù náà ò gbọ́ rí.