Ìhà tí òǹwòran ń kọ sí fíìmù ìjà olówó kékeré tí àgbà òṣèré ń léwájú

Fíìmù ìjà olówó kékeré tí àgbà òṣèré ń léwájú ni fíìmù tí wọ́n fi owó díẹ̀ ṣe, tó kún fún ìbọn, ìlépa àti ìfura, tó sì jẹ́ pé gbajúmọ̀ òṣèré kan tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú lára pátákó ìpolówó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dé ilé sinimá. Orí dísìkì, tẹlifíṣàn tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ni òǹwòran ti ń bá wọn pàdé. Máàkì tí àwọn òǹwòran ń fún wọn kì í sábà ga, síbẹ̀ wọn kò yéé jáde, àwọn ènìyàn kò sì yéé wò wọ́n. Bí a bá ka ohun tí òǹwòran ń kọ nípa wọn pọ̀, ó jọ pé ìtàn àti ìjà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ wá wà nínú fíìmù náà ní tòótọ́.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Kì í ṣe òní ni àgbà òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn. Wọ́n bí Charles Bronson ní 1921. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí Death Wish, fíìmù ìjà tó léwájú nínú rẹ̀, jáde ní 1974, ó sì ti pé ẹni ọdún 72 nígbà tí apá karùn-ún jáde ní 1994. Ilé-iṣẹ́ Cannon, tí Menahem Golan àti Yoram Globus rà ní 1979, ló ṣe apá kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Steven Seagal náà gbajúmọ̀ nílé sinimá ní àwọn ọdún 1990, pàápàá pẹ̀lú Under Siege (1992), ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 2003 orí dísìkì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ń bá jáde tààrà.

Taken, tó jáde ní Faransé ní 2008, tún ṣí ojú ọjà náà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ná lé e, ó sì pa ju mílíọ̀nù 220 lọ káàkiri ayé. Ẹni ọdún 55 ni Liam Neeson, tó léwájú nínú rẹ̀, nígbà náà, òṣèré ìjà sì kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ṣáájú ìgbà yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn aṣefíìmù tí owó wọn kò tó nǹkan fara wé e lọ́tùn-ún lósì.

Ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì

Kí wọ́n tó tan kámẹ́rà rárá ni wọ́n ti máa ń ta ẹ̀tọ́ irú fíìmù yìí fún àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ní ọjà bíi American Film Market, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, àti ọjà fíìmù tó ń wáyé ní Cannes. Ẹni tó ń rà kò tíì rí ju àkọlé, àwòrán ìpolówó àti orúkọ òṣèré lọ. Nítorí náà, apá tó jọjú nínú owó fíìmù lè bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ìyókù wá máa ṣọ́ owó ná. Wọ́n tún máa ń wá ibi tí ìjọba ti ń dá apá kan ìnáwó padà fún wọn tàbí ibi tí owó iṣẹ́ ti kéré. Bulgaria, níbi tí ilé ìyafíìmù Nu Boyana wà ní ìlú Sofia, jẹ́ ọ̀kan lára irú ibẹ̀.

Àgbà òṣèré fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ níbi iṣẹ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń ya gbogbo ìran tirẹ̀ pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nínú yàrá kan, ọ́fíìsì kan tàbí ọkọ̀ kan. Adípò tí kámẹ́rà ń yà láti ẹ̀yìn ló máa ń parí ìyókù. Ohun tí òǹwòran ń rí lójú rẹ̀, tó sì ń bí i nínú, ìnáwó yìí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí òǹwòran máa ń tẹnu mọ́

Ẹ̀sùn tó gbilẹ̀ jù ni ti mìnútì. Òǹwòran máa ń jókòó ka iye ìṣẹ́jú tí gbajúmọ̀ náà fi wà lójú kámẹ́rà, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa ra ohun tí kò fẹ́. Inú àwọn ènìyàn kì í dùn bí ojú tó gba gbogbo pátákó ìpolówó bá jẹ́ ti ẹni tó yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sọ gbólóhùn díẹ̀ láàárín, tó sì kú kí ìjà ìkẹyìn tó dé. Wọ́n ka èyí sí ìrẹ́jẹ, àní nígbà tí fíìmù náà fúnra rẹ̀ kò burú. Ó yẹ ká fiyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bínú sí òṣèré náà. Ẹni tó ya pátákó ìpolówó ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi.

Ẹ̀sùn kejì jẹ mọ́ ara òṣèré. Òǹwòran mọ̀ pé ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò lè fò bíi ti àtijọ́, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ retí rẹ̀. Ohun tí wọn kì í gbójú fò ni kí àwọn aṣefíìmù bò wọ́n lójú. Nígbà tí òṣèré bá jókòó sórí àga ní gbogbo ìran, tàbí tí orí ẹni tó ń jà kò jọ orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kíá ni wọ́n máa ń tọ́ka sí i. Ohùn náà wà lára rẹ̀. Nínú Out of Reach (2004) àti Attack Force (2006), ohùn ẹlòmíràn ni wọ́n fi rọ́pò ti Seagal ní àwọn ibì kan, ọ̀rọ̀ náà sì ti di àwàdà láàárín àwọn tó ń tọpa iṣẹ́ rẹ̀.

Gígé ìran wẹ́wẹ́ ni ọ̀nà mìíràn láti fi ọjọ́ orí pamọ́. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń fà yọ wá láti inú fíìmù tí owó rẹ̀ kò kéré rárá, Taken 3, níbi tí wọ́n ti gé ìran fífo ọgbà kan ju ìgbà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́fà. Nínú àwọn tí owó wọn kéré, kì í hàn tó bẹ́ẹ̀, nítorí òkùnkùn ni wọ́n fi ń bo púpọ̀ nínú ìjà náà.

Àwọn tó mọ̀ nípa ohun èlò tún máa ń ráhùn nípa iná ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yà. Iná náà máa ń tàn láìtan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ẹni tó yìnbọn tàbí sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ìbọn náà kì í sì í ta ọwọ́ padà. Owó nìkan kọ́ ló fà á. Lẹ́yìn tí ìbọn pa ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Rust ní New Mexico ní oṣù Ọ̀wàrà 2021, àwọn aṣefíìmù kan pinnu pé àwọn kò ní lo ìbọn gidi mọ́. Ìwọ̀nba òǹwòran ló máa ń ro èyí mọ́ ọn kí wọ́n tó fún fíìmù ní máàkì.

Ti àwọn ilé tó ṣófo, ilé ìwòsàn tí kò ní aláìsàn, àti ìlú Yúróòpù tí wọ́n pè ní Amẹ́ríkà, òǹwòran kàn máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Máàkì àti ohun tí kò lè sọ

Ọ̀pọ̀ àlàyé nípa bí àwọn ènìyàn ṣe gba irú fíìmù yìí dá lórí máàkì. Ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra ka máàkì wọ̀nyí, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó wọn jọ bá fíìmù ńlá mu ju èyí lọ.

CinemaScore, tó ti wà láti òpin àwọn ọdún 1970, ń bi àwọn tó wo fíìmù ní alẹ́ àkọ́kọ́ léèrè nílé sinimá ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó sì ń fún fíìmù ní lẹ́tà láti A dé F. Fíìmù tí kò wọ ọ̀pọ̀ ilé sinimá kò ní sí nínú ìwé rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n tó súnmọ́ òǹwòran lásán jù lọ kò kan fíìmù tí à ń sọ yìí rárá.

Lórí Rotten Tomatoes, ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kó àríwísí fíìmù jọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn alárìíwísí tó yin fíìmù ni wọ́n ń kọ, 60 sì ni ààlà láàárín fíìmù tó yege àti èyí tó kùnà. Bí alárìíwísí márùn-ún péré bá kọ̀wé nípa fíìmù kan, ohùn ẹnì kan ṣoṣo tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá rí 40 lára fíìmù kékeré kan kò gbọ́dọ̀ kà á bí ó ṣe máa ka 40 fíìmù tí igba alárìíwísí wò. Láti 2019, ibùdó náà tún ń ya máàkì àwọn òǹwòran tó fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀. Ẹni tó wo fíìmù nílé kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kankan láti fi hàn.

IMDb, ibùdó àkójọ fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló wúlò jù fún ẹ̀kọ́ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, Amazon sì rà á ní 1998. Láti 1 dé 10 ni òǹwòran ń fi wọn fíìmù níbẹ̀. Máàkì gbogboogbò tó ń gbé jáde kì í ṣe ìpíndọ́gba lásán, nítorí ìbò kan máa ń wúwo ju òmíràn lọ nínú ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń fi hàn bí ìbò ṣe pín láti 1 dé 10, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Máàkì gbogboogbò fíìmù méjì lè jẹ́ 4. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé gbogbo ènìyàn gbà pé kò dára tó. Ti èkejì lè jẹ́ pé àwọn tí inú wọn ru fún un ní 1, tí àwọn tó gbádùn rẹ̀ fún un ní 6 tàbí 7, tí ìwọ̀nba ènìyàn, bóyá àwọn tó bá wọn ṣe é, fún un ní 10. Pínpín kejì yìí ló bá ẹ̀sùn ìrẹ́jẹ mu, nítorí ẹni tó fún ni ní 1 máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìpolówó, ẹni tó fún ni ní 6 sì máa ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù. Ìpíndọ́gba kan ṣoṣo kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn.

Ọ̀ràn Bruce Willis

Kò sí òṣèré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí ìhà òǹwòran padà tó Bruce Willis. Wọ́n bí i ní 1955, Die Hard (1988) ló sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀ òṣèré ìjà. Ní ìparí iṣẹ́ rẹ̀, fíìmù olówó kékeré tirẹ̀ ń jáde lé ara wọn lórí. Òǹwòran ń bínú pé ó ń ka ọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bìkítà, pé kì í wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àti pé owó nìkan ló wá gbà. Àwọn tó ń ṣe àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀sín Razzie dá ìsọ̀rí kan sílẹ̀ fún un nìkan fún iṣẹ́ ọdún 2021, wọ́n sì kó fíìmù rẹ̀ mẹ́jọ sínú rẹ̀. Cosmic Sin ni wọ́n yàn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà 2022, ẹbí rẹ̀ kéde pé ó ní àìsàn afásíà, èyí tó ń ba agbára ọ̀rọ̀ sísọ àti òye ọ̀rọ̀ jẹ́, àti pé ó ń fi iṣẹ́ òṣèré sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Razzie fagi lé àmì-ẹ̀yẹ náà. Ìwé ìròyìn Los Angeles Times ròyìn ní àkókò yẹn pé wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, pé wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí nípasẹ̀ ẹ̀rọ, àti pé adípò ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ìran ìjà. Ní oṣù Èrèlé 2023, ẹbí náà sọ pé oríṣi àìsàn ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní frontotemporal dementia ni.

Àwọn fíìmù náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wò wọ́n yí. Àwọn kan padà lọ yí ohun tí wọ́n ti kọ. Àwọn mìíràn dá fíìmù náà dúró láàárín, wọ́n ní àwọn kò lè wò ó mọ́. Ìbínú kúrò lórí òṣèré, ó bọ́ sórí àwọn tó gbà á síṣẹ́. Fún ẹni tó ń kọ́ nípa òǹwòran, èyí jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára pé ohun tí a mọ̀ nípa òṣèré wà lára ohun tí a ń rí lójú kámẹ́rà. Àmọ́ ó yẹ kí a ṣọ́ra, nítorí àwọn tó padà wá sọ̀rọ̀ nìkan la lè gbọ́ tiwọn.

Àwọn tó fẹ́ràn wọn

Òǹwòran kan wà tí ọjọ́ orí òṣèré ni wọ́n torí rẹ̀ wá gan-an. JCVD (2008), níbi tí Jean-Claude Van Damme ti ṣe ara rẹ̀, tó sì bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ nípa ayé rẹ̀ láìdánudúró, jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún un wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Universal Soldier: Regeneration, níbi tí Van Damme ti tún ṣeré, tí John Hyams sì darí, fi hàn pé owó kékeré kò ní kí ìjà má mọ́yán lórí. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí Letterboxd, ibùdó tó bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand ní 2011, ṣì ń yìn ín. Wọ́n tún máa ń yin àwọn òṣèré tó kéré lọ́jọ́ orí, bíi Scott Adkins, tó máa ń ja ìjà tí àgbà kò lè jà mọ́.

Nicolas Cage dúró lọ́tọ̀. Ó ti sọ ní gbangba pé gbèsè ló jẹ́ kí òun gba iṣẹ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé òun kò fi èyíkéyìí ṣeré. Ó jọ pé òǹwòran gbà á gbọ́. Ẹni tó ní fíìmù rẹ̀ kan kò dára ṣì máa ń fi kún un pé Cage ṣiṣẹ́. Mandy (2018) àti Pig (2021) sì wá mú kí àwọn alárìíwísí pẹ̀lú tún padà wo àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti gbójú fò.

Àwọn mìíràn ń wò wọ́n láti fi rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń wo Death Wish 3 (1985) títí di ìsinsìnyí. Lára àwọn onímọ̀ nípa fíìmù, Jeffrey Sconce ti kọ̀wé ní 1995 nípa àwọn tó ń gbádùn fíìmù tí àwọn ọ̀mọ̀wé kà sí pàǹtírí, Richard Dyer sì ti kọ̀wé nípa gbajúmọ̀ òṣèré bí àwòrán tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ parapọ̀ mọ.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Netflix, ibùdó ìwòran lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi àmì àtàǹpàkò rọ́pò ìràwọ̀ márùn-ún tí òǹwòran fi ń wọn fíìmù ní 2017, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù mẹ́wàá tó gbajúmọ̀ jù hàn ní 2020. Ó wọ́pọ̀ kí fíìmù ìjà àgbà òṣèré, tí ọdún ti lọ lórí rẹ̀ tí máàkì rẹ̀ sì kéré, já sínú mẹ́wàá yìí fún ọjọ́ díẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ṣe wò ó pọ̀ tó ni irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n. Kò sọ bóyá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gbádùn rẹ̀, tàbí ó kàn rí ojú tó mọ̀.