Omi Ọya Ló Bí Iná Niamey: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Okòwò Iná Mànàmáná Láàárín Àwọn Orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń ta iná fún ara wọn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Akosombo, dáàmù iná ilẹ̀ Gánà, nítorí pé ọdún 1972 ni Gánà ti ń fi iná ránṣẹ́ sí Tógò àti Dahomey, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ọdún yẹn kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n ọjà lásán ni ti Akosombo: iná tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí VALCO, ilé iṣẹ́ alumíníọ́mù ní Tema, ti gba tirẹ̀ ni Gánà ń tà. Orí Odò Ọya ni mo gbà pé ìpilẹ̀ṣẹ̀ wà, níbi tí iná ti di ohun tí ìjọba kan ń fi bá ìjọba kejì dá májẹ̀mú lórí omi.

Ó yẹ kí a mọ ìrìn odò náà kí ọ̀rọ̀ tó yé wa. Orí òkè ilẹ̀ Guinea ni Ọya ti ṣẹ̀, ó gba Mali kọjá, ó gba iwájú Niamey, olú-ìlú Niger, kí ó tó wọ Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó sì máa ń kún dé Kainji, níbi tí dáàmù iná Nàìjíríà wà. Àkúnya àkọ́kọ́ ni omi funfun, tí ó ń wá láti inú òjò àríwá Nàìjíríà àti agbègbè rẹ̀, tí erùpẹ̀ inú rẹ̀ sì fún un ní àwọ̀. Èkejì ni omi dúdú, òjò Guinea tí ó ti pẹ́ nínú àbàtà ilẹ̀ Mali títí tí ó fi tòrò. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí oṣù kìíní sí ìkejì, ni omi dúdú ń dé Kainji, nígbà tí òjò ti dá pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá sé e mọ́ òkè, agbára ẹ̀rọ Kainji yóò dín kù gidigidi.

Èmi kò gbà pé ìjọba òde òní ni ó kọ́kọ́ ronú lórí èyí. Àwọn apẹja Sorko ti máa ń wa ọkọ̀ láti ilẹ̀ Songhai wá sí ìsàlẹ̀ odò tipẹ́tipẹ́, ó sì ṣòro láti gbà pé àwọn àti àwọn ará Bussa kò ní òfin kankan láàárín ara wọn lórí ìgbà ìpẹja àti ààlà omi. Bussa kì í ṣe àjèjì sí wa: ilẹ̀ Ìbàrìbá ni, ibẹ̀ ni Mungo Park kú sí ní 1806, ilẹ̀ Ìbàrìbá náà sì ni ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Aláàfin Onígbogí sá lọ nígbà tí Nupe kó ìlú rẹ̀. Àwa Yorùbá gbà pé Ọya, aya Ṣàngó, ló di odò náà ní Irá, ènìyàn kì í sì í bá òrìṣà lò láìsí àdéhùn.

Àdéhùn Berlin tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ní ọdún 1885 kò wo odò yìí ju ọ̀nà ọkọ̀ àti ọjà lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1963, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án péjọ sí Niamey, wọ́n pa àdéhùn Berlin tì, wọ́n sì gbà láti máa fọwọ́sowọ́pọ̀ lórí iṣẹ́ yòówù tó bá lè yí ìṣàn odò padà. Èrò mi ni pé Kainji ló gbé Nàìjíríà lọ síbẹ̀, nítorí pé ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni iṣẹ́ dáàmù náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1968, Ọ̀gágun Gowon ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969. Bussa àtijọ́ wà nísàlẹ̀ adágún náà lónìí, ènìyàn bí 44,000 ni wọ́n sì kó kúrò nílé baba wọn.

Ní 1976, iná bẹ̀rẹ̀ sí í gba Birnin Kebbi lọ sí Niamey. Ohun tí àwọn aláṣẹ Nàìjíríà ń sọ ni pé nítorí kí Niger má baà sé odò náà ni àwọn ṣe ń fún un ní iná. Àwọn kan yóò ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí epo rọ̀bì, nítorí pé Nàìjíríà dá epo dúró fún Gánà ní 1979, lẹ́yìn tí ìjọba Rawlings pa àwọn ọ̀gágun. Ìbínú ni ìyẹn, kì í ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohunkóhun.

Ìyókù kò ṣòro láti sọ. ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pinnu ní 1999 láti so iná gbogbo agbègbè pọ̀, Cotonou sì di ibùjókòó iṣẹ́ náà. Ọ̀pá gáàsì tó gùn tó 678 kìlómítà lọ láti Nàìjíríà sí Gánà. Ní 2007, iná Ìkẹjà dé Sakété ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2023, Nàìjíríà gé iná tó tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èyí tí Niger ń lò, kò sì dá a padà títí ECOWAS fi mú ìjìyà tó fi jẹ Niger kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024.

Dáàmù Kandadji, tí Niger fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 2008, wà ní nǹkan bí 180 kìlómítà lókè Niamey. Mẹ́gáwáàtì 130 ni wọ́n pète fún un, ti Kainji jẹ́ 760, omi dúdú kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń retí. Niger ti fi ECOWAS sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n àjọ tó ń bójú tó Odò Ọya, tí ó ti inú àdéhùn ọdún 1963 jáde, kò sí lábẹ́ ECOWAS, Niamey sì ni ibùjókòó rẹ̀.