Texas Kọ́ Lẹ Jókòó Sí

Láti oṣù Kejì títí dé àárín oṣù Kẹrin, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé, ní ọ́fíìsì mi ní Maryland níbí, níbi tí mo ti ń bá èèyàn ṣe ìwé owó orí: "Ẹ̀gbọ́n, Texas ni ilé-iṣẹ́ wa wà o, Texas kì í gba owó orí." Mo máa ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Wọ́n á ní Bowie, ní Maryland níbí. Ó tán. Maryland ló ni yín.

Ìpínlẹ̀ tí ara yín wà nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ló ń gba owó orí lórí iṣẹ́ náà. Èyí tí ẹ ń gbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo owó tó wọlé fún yín, ibi yòówù kó ti wá. Ti ìjọba àpapọ̀ lọ́tọ̀, ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ mú W-2 yín, ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ iye tí wọ́n san fún yín lọ́dún, ẹ wo ìsàlẹ̀, àpótí 15 sí 17, níbi tí wọ́n ń kọ owó orí ìpínlẹ̀ sí. Bó bá ṣófo, ẹ má tíì dúpẹ́. Gbèsè yín ṣì wà níbẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó bá yín yọ ọ́ lára owó oṣù ni.

Nọ́ọ̀sì kan wá bá mi nígbà kan. Ó ti fi iṣẹ́ wọ́ọ̀dù sílẹ̀, ó ń yẹ fáìlì aláìsàn wò látinú pálọ̀ rẹ̀ ní Prince George's County, ní Maryland, fún ilé-iṣẹ́ kan ní Texas. $92,000 lọ́dún, àpótí 17 ṣófo fún ọdún méjì. Ọkùnrin kan tó ń ṣe owó orí fáwọn èèyàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ló ní kí nọ́ọ̀sì náà fi àdírẹ́sì àbúrò tirẹ̀ ní Houston, ní Texas, sínú ìwé owó orí rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í fọwọ́ sí ìwé tó bá ṣe. Òfin ní kí ẹni tó bá gbowó ṣe é fọwọ́ sí i, kó sì kọ PTIN rẹ̀, nọ́ńbà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn tó ń ṣe ìwé owó orí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fọwọ́ sí tèmi. Lẹ́tà wá dé fún nọ́ọ̀sì náà láti Annapolis, olú-ìlú Maryland. Ilé tó rà, ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ̀, Maryland ni gbogbo wọn. Ti ìpínlẹ̀ àti ti káúńtì fún ọdún kan péré lé ní $6,000, kí èlé àti owó ìtanràn tó wọ̀ ọ́. Ó sunkún. Mo fún un ní tíṣù, mo sì ń ṣírò lọ.

New York wá ni òkè ìṣòro. Bí ọ́fíìsì yín bá wà ní Manhattan, tó jẹ́ pé ìrọ̀rùn tiyín lẹ fi jókòó sílé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, New York máa ń ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tiwọn, àfi bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ní kẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Zelinsky ń kọ́ni ní New York, ó ń gbé Connecticut, ó sì ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣiṣẹ́ nílé. Ó pẹjọ́. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní New York ní gbogbo owó oṣù náà ni tiwọn. Connecticut náà sì gba tirẹ̀ lórí àwọn ọjọ́ tó fi wà nílé. Òfin owó orí gan-an ni ọkùnrin yìí ń kọ́ni o! Ẹ̀yin wá fẹ́ fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp bá wọn jà.

Ti DC àti Virginia yàtọ̀: ẹni tó ń gbé Maryland, tó ń lọ sí ọ́fíìsì níbẹ̀, Maryland nìkan ló máa san owó orí ìpínlẹ̀ fún. Àwọn ìjọba náà ti jọ ṣàdéhùn ìyẹn.

Ẹ kọ fọ́ọ̀mù MW507, èyí tí wọ́n fi ń mọ iye owó orí Maryland tí wọ́n á máa yọ lára owó oṣù yín, kẹ́ ẹ fún àwọn tó ń san owó oṣù yín. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní àkáǹtì owó orí ní Maryland, kí wọ́n lọ ṣí i. Òfin ló ní kí wọ́n ṣí i. Bí wọ́n bá ń fi falẹ̀, ẹ san án fúnra yín lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún: ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, oṣù Kẹfà, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kìíní.

Nọ́ọ̀sì yẹn ṣì ń san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní Houston kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fi àdírẹ́sì òun ṣe nǹkan kan.