Bí Bárékè Ṣe Dé Erékùṣù Falkland

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà ní Mount Pleasant, ní erékùṣù Falkland, tó gùn tó nǹkan bí 800 mítà. Yàrá táwọn ọmọ ogun ń sùn sí, ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ibi tí wọ́n ti ń mutí, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré ìdárayá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí atẹ́gùn ibẹ̀ má baà máa gbá èèyàn kiri tó bá fẹ́ lọ jẹun alẹ́. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló ń rìn ín lójoojúmọ́. Lọ́ńdọ̀nù sì jìnnà sí ibẹ̀ tó 13,000 kìlómítà, etíkun Ajẹntínà ò sì ju nǹkan bí 500 kìlómítà lọ.

Ẹni tó bá rí i á rò pé ọjọ́ ti pẹ́ tí bárékè ti wà níbẹ̀. Rárá o. Ó ju 130 ọdún lọ tí erékùṣù yìí fi wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ọmọ ogun tó ṣe é kà mọ́ nǹkan, àfi lásìkò ogun àgbáyé. Owó ni wọ́n ń ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1764, Louis-Antoine de Bougainville ló kó wọn lọ. Ìlú Saint-Malo ni ọkọ̀ wọn ti gbéra, ibẹ̀ ni orúkọ Malouines ti wá, èyí tí àwọn Sípéènì pè di Malvinas. Lọ́dún kejì, Gẹ̀ẹ́sì náà débẹ̀, ó ta àsíá tirẹ̀ sí erékùṣù kékeré kan lápá ìwọ̀-oòrùn. Faransé gbé tiẹ̀ fún Sípéènì ní 1767. Sípéènì lé Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1770, ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá ibùdó náà padà fún un ní 1771. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́ nítorí ìnáwó, ó kan wàláà òjé kan mọ́bẹ̀ pé òun ṣì lòun ni ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Sípéènì náà kúrò ní 1811. Àwọn tó gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ ní Buenos Aires, tó wá di Ajẹntínà, ní ogún àwọn ni. Wọ́n ta àsíá síbẹ̀ ní 1820, wọ́n fi Luis Vernet ṣe alákòóso ní 1829. Nígbà tó di ọjọ́ 2, oṣù kìn-ín-ní, 1833, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Clio dé. John James Onslow tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n sọ àsíá Buenos Aires kalẹ̀. José María Pinedo, ọ̀gá ọkọ̀ tó bá níbẹ̀, wo agbára tó wà nílẹ̀, ó rí i pé kò ká a, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò yìnbọn. Àmọ́ títí dòní, ọdún yẹn ni Ajẹntínà fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀: ẹ jí i lọ́wọ́ wa ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, àgùntàn gba ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ láti Scotland àti England ń ta irun àgùntàn, ìlú Stanley dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ní 1914 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ri ọkọ̀ Jámánì mélòó kan sínú omi itòsí ibẹ̀, wọ́n sì tún lọ.

Ohun tó dá ọmọ ogun padà síbẹ̀ jọ eré lójú. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, 1966, àwọn ọ̀dọ́ Ajẹntínà 18 já bàlúù gbà lójú òfuurufú, wọ́n ní kí awakọ̀ darí rẹ̀ sí Malvinas. Kò sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kankan ní Stanley nígbà yẹn. Orí pápá ìdíje ẹṣin ni bàlúù ńlá yẹn balẹ̀ sí, táyà rẹ̀ sì rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n ta àsíá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọrin orílẹ̀-èdè wọn, òtútù mú wọn, wọ́n fara wọn sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì fi kún àwọn ọmọ ogun ojú omi tó fi síbẹ̀, tí wọ́n wá di nǹkan bí ogójì.

Ogójì. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ láti 1965. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1971, láàárín ọdún díẹ̀ Ajẹntínà ló ń gbé àwọn ará erékùṣù lọ bọ̀ nínú bàlúù, iléeṣẹ́ epo Ajẹntínà ló ń ta epo fún wọn, aláìsàn wọn ń gba ìtọ́jú ní Buenos Aires. Ká ní wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀ ni, èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni ì bá yìnbọn. Ṣùgbọ́n àwọn ológun gbàjọba ní Ajẹntínà ní 1976, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dàwátì níbẹ̀, àwọn ará Stanley sì ní àwọn ò bá irú wọn ṣe. Ní 1977, Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ fìn-ín-fìn-ín, ó dọ́gbọ́n rán ọkọ̀ abẹ́ omi kan àti ọkọ̀ ogun méjì lọ sí agbègbè náà. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wá kù tí Gẹ̀ẹ́sì ń rán lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún: HMS Endurance, ọkọ̀ pupa tó ń la yìnyín, ìbọn rẹ̀ ò ju méjì lọ. Ní 1981, John Nott tó jẹ́ mínísítà ààbò ń wá owó tó máa gé, ó ní kí wọ́n yọ ọkọ̀ yẹn kúrò. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Lord Carrington, kọ̀wé tako o. Wọn ò gbọ́. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, wọ́n ní. Ẹni tó wí i ò ṣàìsí. Ohun tí àwọn ọ̀gágun Buenos Aires rí kà nínú rẹ̀ ni pé ó ti sú onílé.

Irin àlòkù ló dá iná sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹta, 1982, àwọn òṣìṣẹ́ oníṣòwò Ajẹntínà kan, bíi ti àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́mù kiri àdúgbò lọ́dọ̀ wa, gúnlẹ̀ sí South Georgia, erékùṣù míì tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láti tú iléeṣẹ́ ẹja àbùùbùtán àtijọ́ kan. Wọn ò gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì ta àsíá. Endurance kó ọmọ ogun 22 láti Stanley lọ bá wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, Ajẹntínà dé Stanley fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi tó kù níbẹ̀ ò tó 80. Gómìnà Rex Hunt ní kí wọ́n sọ ìbọn sílẹ̀. Nígbà tó ń kúrò nílùú, ó wọ aṣọ oyè rẹ̀, tìyẹ́tìyẹ́ fìlà, ó sì jókòó sínú mọ́tò ìjọba tirẹ̀, èyí tó jẹ́ takisí Lọ́ńdọ̀nù aláwọ̀ pupa.

Lọ́jọ́ kejì, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí Ajẹntínà kó ogun rẹ̀ kúrò. Ìbò mẹ́wàá ló gbè é, Togo wà nínú wọn. Ajẹntínà ò gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì kó ogun wá. Ogun yẹn gba ọjọ́ 74. Ọmọ Ajẹntínà 649 ló kú níbẹ̀, 323 nínú wọn sì bá ọkọ̀ General Belgrano lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 255. Àti obìnrin mẹ́ta ará Stanley, tó jẹ́ pé ọta Gẹ̀ẹ́sì tó ṣìnà ló pa wọ́n nínú ilé.

Lẹ́yìn tí Ajẹntínà túúbá ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọmọ ogun wá pọ̀ ju onílé lọ. Nǹkan bí 1,800 ni àwọn ará erékùṣù. Wọ́n wọ̀ sílé àwọn èèyàn, wọ́n tún fa ilé orí omi wá sí èbúté fún wọn láti máa sùn. Ibẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù ti ro ó pé nǹkan tó fìyà jẹ òun gan-an ni ojú ọ̀nà bàlúù Stanley, tó kúrú débi pé bàlúù ńlá ò lè balẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló lè gbé ogun púpọ̀ débẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì ń gbà. Ni wọ́n bá lọ la ọ̀nà bàlúù tó lé ní 2,500 mítà sí ibi tó jẹ́ koríko lásán, ní Mount Pleasant. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, 1985. Ẹ̀tàn ojú ni ọmọ ogun tó wà ní bárékè yẹn, tí wọn ò pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà yẹn ni ogun gan-an: ọmọ ogun míì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárín ọjọ́ kan.

Òun ló gbé ìwọ̀n agbára dúró títí di àkókò yìí. Bàlúù ogun Typhoon mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láti 2009, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun kékeré kan àti ohun ìjà tó ń ja bàlúù lulẹ̀. Ajẹntínà ní tirẹ̀ ò rówó fi tún ogun rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ abẹ́ omi San Juan kó èèyàn 44 lọ sísàlẹ̀ òkun ní 2017, bàlúù tó bá sì fẹ́ rà, bí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan bá ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, Gẹ̀ẹ́sì á kọ̀. Ní 2024 ló tó fọwọ́ sí ríra F-16 àlòkù 24 lọ́wọ́ Denmark.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un: láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta ìwé àṣẹ ẹja pípa ní 1987, ọwọ́ àwọn ará erékùṣù ti dẹ̀. Ní 2013, wọ́n dìbò lórí bóyá kí wọ́n dúró sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 1,517 ló dìbò, mẹ́ta péré ló ní rárá. Ajẹntínà ní ìbò àwọn tí wọ́n kó wá ò lè sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti 1994 pé òun ò ní jáwọ́. Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́, lójú tèmi, àmọ́ ẹni tó bí ọmọ ní Stanley, tí wọ́n sin bàbá bàbá rẹ̀ síbẹ̀, mi ò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ ní kó padà sí.

Bọ́ǹbù inú ilẹ̀ tí ogun fi sílẹ̀ kò tán títí di 2020. Àwọn ọmọ Zimbabwe ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wú u, lórí eékún, nínú atẹ́gùn yẹn, tí pengúìnì ń rìn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ara ẹyẹ yẹn ò wúwo tó láti ta bọ́ǹbù. Àwọn kan nínú wọn ò padà sílé mọ́, Stanley ni wọ́n ń gbé báyìí.

Ní ti ọkọ̀ pupa yẹn, wọn ò yọ ọ́ mọ́. Endurance wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù kẹfà, 1982, nígbà tí àwọn ọmọ Ajẹntínà tó kù ní erékùṣù Southern Thule fara wọn sílẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1991.