Kí ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú láàárín ìlú?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé lágbájá lọ sí Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, ilé a pa rọ́rọ́, bí ẹni pé ó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀rù yẹn ní ìtàn. Ilé wèrè tí ìjọba òyìnbó ṣí ní Yaba lọ́dún 1907, àtìmọ́lé gan-an ni. Wọ́n kó àwọn èèyàn síbẹ̀ kí ìgboro lè rójú ni. Ìwòsàn kọ́ ni wọ́n bá lọ.

Aro tí à ń bẹ̀rù yìí gan-an ló yí i padà. Lọ́dún 1954, Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ó ní àdéhùn kan: ẹbí aláìsàn gbọ́dọ̀ bá a wá, ì báà ṣe ìyá tàbí àbúrò, láti máa dáná fún un kó sì máa fọ aṣọ rẹ̀. Láàárọ̀ aláìsàn a lọ gba ìtọ́jú, lẹ́yìn náà a padà sáàárín èèyàn. Ohun tí ìtọ́jú láàárín ìlú túmọ̀ sí nìyẹn: kí ara máa yá èèyàn láìjẹ́ pé a yà á kúrò nínú ayé.

Oògùn náà ràn án lọ́wọ́. Láti 1952 ni chlorpromazine ti ń mú ọkàn tó dàrú rọlẹ̀. Lambo sì pe àwọn adáhunṣe mọ́ra, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Igi asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò tipẹ́ ní èròjà reserpine nínú, èyí tí àwọn dókítà òyìnbó náà fi tọ́jú irú àìsàn yìí. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ni mi ò lè gbè wọ́n lẹ́yìn sí.

Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ti jáde ní January 2023, ó rọ́pò ti 1958. Ṣùgbọ́n òfin kì í ra oògùn. Ìdílé ló ń rà á, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já sílẹ̀.

Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí àpá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, tó ń dán. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a lọ sí kílíníìkì. Etí ìró ni màmá ń so oògùn náà mọ́. Bó bá di alẹ́, wọn a tú u, wọn a fi ẹyọ kan sí i lọ́wọ́, wọn a sì dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Òun náà a mu omi sí i, a sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.