Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀

Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni èyí tí àwọn dókítà ń ṣe sí apá ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, lọ́gangan ìbàdí, láti tú iṣan ìmọ̀lára (nerve) tí nǹkan há mọ́ sílẹ̀ tàbí láti so eegun tí kò dúró déédéé pọ̀. Eegun 5 ló wà níbẹ̀, láti L1 dé L5. Láàárín eegun kan sí èkejì ni dísíìkì wà, ohun rírọ̀ tó ń gba ìwúwo ara dúró bíi tìmùtìmù. Bí èèpo dísíìkì bá ya, inú rẹ̀ lè yọ síta kó sì tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Àárín L4 àti L5, àti ìsàlẹ̀ L5 gan-an, ni èyí ti wọ́pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí ẹni tí àìsàn rẹ̀ wà lẹ́yìn fi máa ń ráhùn ẹsẹ̀: ìrora á gba ìdí, á gba ẹ̀yìn itan, á sì dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìrora ẹsẹ̀ yìí ni iṣẹ́ abẹ ń wò jù. Bí wọ́n bá gbé ohun tó tẹ iṣan kúrò, ẹsẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn ún, tí kò sí iṣan kankan tí nǹkan tẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán kí ìrora ṣì wà níbẹ̀. Ó yẹ kí dókítà sọ èyí yékéyéké kí aláìsàn tó fọwọ́ sí ìwé.

Àwọn tó nílò rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí dísíìkì wọn yọ ni ara wọn ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìfi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Ìwádìí kan láti Nẹ́dálándì, tó jáde ní 2007, pín aláìsàn 283 sí ọ̀nà méjì: wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n ní kí apá kejì ní sùúrù ná. Ara àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ tètè yá, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan pé, nǹkan bí 95 nínú 100 ní apá méjèèjì ló sọ pé ara àwọn ti yá. Nínú àwọn tí wọ́n ní kó dúró, nǹkan bí 39 nínú 100 ló padà ṣe iṣẹ́ abẹ.

Àwòrán MRI, èyí tí ẹ̀rọ ń yà láti fi inú ara hàn, nìkan kò tó ìdí láti wọ tíátà iṣẹ́ abẹ. Àtúnyẹ̀wò ìwádìí kan ní 2015 fi hàn pé láàárín àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá, dísíìkì ti ń gbó lára 37 nínú 100 ẹni 20 ọdún, ó sì ti gbó lára 96 nínú 100 ẹni 80 ọdún. Iṣan tí àwòrán fi hàn gbọ́dọ̀ bá ibi tó ń dun aláìsàn mu.

Nílẹ̀ Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fura sí bí ìbàdí bá ń dùn wọ́n, wọ́n á sì ti mu àgbo títí kí wọ́n tó rí dókítà. Bí sálúbàtà bá ti ń bọ́ lẹ́sẹ̀ láìmọ̀, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀ bí ènìyàn bá ń rìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo mọ́: iṣan ń kú lọ. Èyí tó léwu jù lọ ni kí ìtọ̀ ṣàdédé há tàbí kó máa dà láìmọ̀, kí abẹ́ àti itan inú kú tipiri, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí wọ́n bá pẹ́ jù, agbára ìtọ̀ lè má padà mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ní 1934 ni William Mixter àti Joseph Barr, ní Boston ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé tó fi han àwọn oníṣègùn pé dísíìkì tó yọ ló ń fa ìrora ẹsẹ̀ yìí, àti pé a lè fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Ní Nàìjíríà, ọmọ Awẹ́ ni Latunde Odeku, dókítà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ní 1962.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti ṣúgà wò, wọ́n á sì béèrè jẹ́nótáìpù, nítorí ẹni tó jẹ́ SS nílò ìmúra tirẹ̀. Kí aláìsàn dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan àgbo. Àwọn mìíràn, bíi aspirin, máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá.

Wọ́n á fi oògùn kun aláìsàn lóorun, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á sì fi X-ray rí i dájú pé eegun tó yẹ ni wọ́n fẹ́ ṣí. Fún dísíìkì tó yọ, ojú abẹ náà kì í ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Dókítà á sún ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gé eegun díẹ̀, á rọra fa iṣan tì, á sì mú èyí tó yọ jáde. Kì í kó dísíìkì náà tán. Wákàtí kan sí méjì ló sábà máa ń gbà. Fún àgbàlagbà tí ojú ihò ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fún, tí kò lè rìn jìnnà kó má jókòó, eegun ni wọ́n ń gé láti fi àyè sílẹ̀. Ìsopọ̀ eegun tún le ju ìyẹn lọ: wọ́n á fi ìdè àti ọ̀pá irin tìtáníọ̀mù mú eegun pọ̀, wọ́n á sì fi eegun mìíràn sí i kó lè hù pọ̀, èyí tó lè gba oṣù 6 sí ọdún kan. Sìgá máa ń dí ìhù yìí lọ́wọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì á ti ní kí aláìsàn dìde. Kì í ṣe pé kó jókòó lójijì: á kọ́kọ́ ká orúnkún méjèèjì, á yí èjìká àti ìbàdí papọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, á sì fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde.

Ìrìn ni oògùn tó dára jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́. Ìbùsùn títí kì í jẹ́ kí ara le, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, àwọn dókítà sábà máa ń kìlọ̀ pé kí aláìsàn má tẹ̀ ba, kó má yí ìbàdí, kó má sì gbé ohun tó wúwo ju kílò 4 tàbí 5 lọ. Èyí kan kóróbá omi, ọmọ pípọ̀n, ìgbálẹ̀ ọwọ́ kúkúrú àti ọ̀kadà lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀ fún àsìkò yìí. Kí àwọn àgbà gba ìkíni lórí ìdúró. Mùsùlùmí lè kírun lórí àga. Ṣáláńgá tí a ń lóṣòó lé lórí náà ń ni ẹ̀yìn lára, ó sì dára kí ẹbí wá ohun tí aláìsàn lè jókòó lé. Oògùn ìrora tó lágbára máa ń mú ìgbẹ́ le, nítorí náà omi àti ẹ̀fọ́ ṣe pàtàkì.

Ojú abẹ gbọ́dọ̀ gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi àdí tàbí ewé sí i. Bí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, bí ibà bá dé, bí omi tó mọ́ bá ń sun jáde, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn, tàbí bí orí bá ń fọ́ gan-an nígbàkigbà tí aláìsàn bá nàró, kó padà síbi tí wọ́n ti ṣe é láìjáfara.

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ṣe iṣẹ́ abẹ dísíìkì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 6. Bíríkìlà àti alábàárù lè dúró dé oṣù 3. Kíkú tipiri ẹsẹ̀ ń pẹ́ ju ìrora lọ kó tó lọ, nítorí iṣan tó bàjẹ́ kì í hù ju nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́. Dísíìkì kan náà tún lè yọ padà lára àwọn kan. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n àpá ti àkọ́kọ́ á ti lẹ̀ mọ́ iṣan, èyí sì ń mú kí iṣẹ́ náà nira fún dókítà.